Igi Gbígbẹ́, Igi Lílẹ̀: Ohùn Gìtá Jáàsì àti Bó Ṣe Ń Rí Lọ́wọ́

Àwọn tó gbé iṣẹ́ yìí fún mi ní kí n wá fi ohùn àwọn gìtá jáàsì tí inú wọn ṣófo wéra, kí n sì sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ń rí lọ́wọ́ ẹni tó ń ta á. Màá jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn kan ti wà nílẹ̀ tipẹ́ láàárín àwọn olólùfẹ́ gìtá yìí, mi ò sì lè ṣe bí ẹni tí kò rí i. Àwọn kan gbà pé gìtá tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ojú rẹ̀ láti ara odidi pákó ni ọba, pé èyí tí wọ́n fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ̀ mọ́ra ní ìpele-ìpele kàn wà fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Ẹni tó dàgbà sínú orin jùjú, tí etí rẹ̀ ti mọ bí gìtá ṣe ń dún ṣaṣa lórí ìlù nínú ẹgbẹ́ Sunny Adé tàbí ti Ebenezer Obey, lè gbọ́ gìtá jáàsì lẹ́ẹ̀kíní kó béèrè pé kí ló pa á lóhùn. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó rọ̀, kì í ta síni létí. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ẹgbẹ́ jáàsì, aro tí onílù ń lù láìdákẹ́ ti gba òkè. Tọ́ḿpẹ́ẹ̀tì àti ọwọ́ ọ̀tún oní-píánò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bass ti gba ìsàlẹ̀. Àárín ló kù fún gìtá, ibi tí saxophone ńlá pẹ̀lú ń gbé. Nítorí náà ni ẹ ó fi rí ọ̀pọ̀ onígìtá jáàsì tí wọ́n ń lo pickup (ohun tó ń gbọ́ mímì okùn) ẹ̀bá ọrùn nìkan, níbi tí okùn ti ń mì ju ẹ̀bá afárá lọ, tí wọ́n tún yí bọ́tìnnì ohùn òkè sílẹ̀.

Ká tó dé ọ̀rọ̀ iná, ẹ jẹ́ ká lọ sí ìlú Kalamazoo, ní ìpínlẹ̀ Michigan, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni Orville Gibson ti ń gbẹ́ mandolin bí àwọn oní-fáólìnì ṣe ń gbẹ́ tiwọn: kì í tẹ pákó pẹlẹbẹ, odidi pákó tó nípọn ló ń gbẹ́ títí àárín rẹ̀ yóò fi ga ju etí rẹ̀ lọ. Ní 1902, àwọn oníṣòwò kan dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀. Nígbà tó di 1922, Lloyd Loar, olórin tó tún mọ bí igi ṣe ń dún, mú gìtá L-5 jáde níbẹ̀. Dípò ihò roboto kan tó máa ń wà láàárín gìtá, ihò méjì tó rí bíi lẹ́tà f ni wọ́n gé sí ojú rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì.

Ibi tí okùn gbé so ni gbogbo àṣírí ohùn rẹ̀ wà. Gìtá pẹlẹbẹ tí ẹ mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, afárá rẹ̀ ni okùn so mọ́, wọ́n sì ti fi gọ́ọ̀mù lẹ afárá náà mọ́ ojú gìtá. Ti L-5 kò rí bẹ́ẹ̀. Irin kan ní ìdí gìtá ló di okùn mú. Okùn á gba orí afárá igi kékeré kan kọjá, afárá yẹn kò sì ní ìṣó, kò ní gọ́ọ̀mù, ìtẹ̀ okùn nìkan ló mú un dúró. Tí o bá tú gbogbo okùn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, afárá á bọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ta okùn, afárá á máa tẹ ojú gìtá wọlé, á sì máa jẹ́ kó padà. Ohùn á yọ lójijì, á dún gidi, á sì tètè kú. Ti gìtá pẹlẹbẹ máa ń pẹ́ nílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì máa ń tàn káàkiri. Títètè kú yẹn ni wọ́n ń wá. Ohùn tó bá pẹ́ nílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ńlá, ńṣe ló máa ń dà rú mọ́ ti fèrè.

Ẹ fetí sí Freddie Green. Ó wọ ẹgbẹ́ Count Basie ní 1937, ẹgbẹ́ náà ló sì ṣì ń bá ṣeré nígbà tó kú ní 1987. Kì í lo amplifier, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè. Gìtá gbígbẹ́ ńlá ló ń ta, okùn rẹ̀ ga sókè kúrò lára ọrùn gìtá débi pé ọ̀pọ̀ onígìtá ò lè fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì orin kan. Kọ́ọ̀dù mẹ́rin nínú ìwọ̀n kan, ṣá, ṣá, ṣá, ṣá, láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin. Ẹlòmíràn lè gbọ́ àwo Basie láìmọ̀ pé gìtá wà níbẹ̀ rárá. Àwọn tó wà lórí ìtàgé ni ẹ lè bi.

Ìdíje títóbi ni ọ̀rọ̀ wá dà láàárín àwọn oníṣẹ́. Ínǹṣì 16 ni ìbú L-5 àkọ́kọ́. Láàárín ọdún 1930 sí 1940 ó di 17. Ní 1934 Gibson gbé Super 400 jáde, ínǹṣì 18. Epiphone ní New York fi Emperor dá wọn lóhùn ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní Boston, bàbá àti ọmọ kan, Charles àti Elmer Stromberg, ta gbogbo wọn yọ: ínǹṣì 19, èyí tó tó sẹ̀ǹtímítà 48. Mo ti rí ẹni tó gbé irú gìtá bẹ́ẹ̀ sórí itan, èjìká ọ̀tún rẹ̀ ga bí ẹni tí wọ́n fi okùn so mọ́ àjà. Ìṣòro gìtá ńlá nìyẹn. Bó ti wù kí ohùn rẹ̀ dára tó, apá ní láti gba orí rẹ̀ kọjá kí ọwọ́ tó dé ìdí okùn, tó bá sì ti tó wákàtí méjì, ara ò ní gbàgbé.

Nínú ikùn àwọn gìtá wọ̀nyí, lábẹ́ ojú wọn, igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì wà tó gba ojú náà dúró. Àwọn oníṣẹ́ mìíràn máa ń tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí wọ́n jọ máa lọ láti ọrùn sí ìdí; irú èyí máa ń dún gan-an, ó máa ń gé bí ọ̀bẹ. Àwọn mìíràn máa ń dá wọn kọjá lórí ara wọn bíi lẹ́tà X, ohùn á wá rọ̀, á gbòòrò, á sì pẹ́ díẹ̀ sí i. Ẹni tó fẹ́ ta kọ́ọ̀dù nínú ẹgbẹ́ ńlá, ti àkọ́kọ́ ló yẹ ẹ́. Ẹni tó fẹ́ dá nìkan ta orin nínú yàrá kékeré, kó wá ti èkejì.

Wàyí o, iná dé. Ní 1936, Gibson gbé ES-150 jáde. Charlie Christian, ọmọ Texas tó dàgbà ní Oklahoma City, ló mú kí ayé gbọ́ ohun tí gìtá oníná yìí lè ṣe. Oṣù Kẹjọ 1939 ló wọ ẹgbẹ́ Benny Goodman. Nígbà tó di oṣù Kẹta 1942, ikọ́ ife ti pa á, ọmọ ọdún 25. Láàárín ìgbà kúkúrú yẹn ló yọ gìtá kúrò ní ìdí kọ́ọ̀dù, tó ń fi okùn ẹyọ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ gígùn bí oní-saxophone. Ojú gìtá rẹ̀ jẹ́ igi spruce gbígbẹ́, pickup rẹ̀ sì jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì wíwúwo tí wọ́n so mọ́ abẹ́ ojú náà. Ohùn tó jáde nípọn, eyín wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì mọ́ tónítóní. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń wá pickup irú ti Charlie Christian sára gìtá tuntun.

Ibi tí àríyànjiyàn mi gbé wà la ti dé yìí. Pickup kì í gbọ́ afẹ́fẹ́ inú gìtá. Mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wé wáyà mọ́ ni, mímì okùn irin ló ń gbọ́. Kí ni igi wá ń ṣe níbẹ̀ nígbà náà? Igi a máa gba lára agbára okùn, ohun tó bá ṣẹ́kù lára okùn ni pickup ń gbọ́. Ojú gìtá tó bá fẹ́lẹ́ tó sì ń mì dáadáa á gba púpọ̀ kíákíá, á sì sọ ọ́ di ohùn nínú afẹ́fẹ́. Ohun tó dára gan-an ni, bí kò bá sí amplifier nítòsí. Bí amplifier bá wà, ohùn tó ti inú rẹ̀ jáde á padà wá kọlu ojú gìtá, ojú á mì, okùn á mì, pickup á gbọ́, amplifier á tún sọ ọ́ jáde pẹ̀lú agbára ju ti tẹ́lẹ̀. Ká tó ṣẹ́jú, gìtá ti ń hu. Gbogbo ẹni tó ti gbé gìtá gbígbẹ́ súnmọ́ ìlù àti amplifier lórí ìtàgé mọ híhu yẹn. Àwọn kan máa ń ki aṣọ bọ inú ihò f, àwọn mìíràn ń lẹ téèpù bò ó. Ronú sí i: ẹni tó san owó gọbọi kí igi lè dún, tó wá ń fi àkísà dí i lẹ́nu.

ES-175 ni ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ náà, ní 1949. Pákó maple fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra, tí ẹ̀rọ sì tẹ̀ kó ga láàárín, ni ojú rẹ̀. Ó rọrùn láti ṣe, owó rẹ̀ kéré, ohun tí àwọn tó ń bú u sì máa ń sọ nìyẹn. Wọn kì í sọ pé ojú rẹ̀ le, kì í sì í dá amplifier lóhùn bí spruce gbígbẹ́ ṣe ń ṣe. Ínǹṣì 16 àti díẹ̀ ni ìbú rẹ̀, ó kéré tó láti fi apá gbá mọ́ra. Tí wọ́n bá ta á, á dún pọ̀ọ́, ẹ ó gbọ́ igi nínú ìbẹ̀rẹ̀ ohùn, lẹ́yìn náà ohùn á gbẹ, á sì kúrò lọ́nà fún èyí tó ń bọ̀. Pickup kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní P-90 ni ti àkọ́kọ́ ní. Ohùn rẹ̀ ṣe kedere, ó sì máa ń hùn díẹ̀. Láti 1957 wọ́n fi èyí tí Seth Lover ṣe rọ́pò rẹ̀, wáyà wíwé méjì tó ń pa híhùn ara wọn rẹ́, ohùn wá rọ̀ sí i, ó yí roboto.

Jim Hall lo èyí tó ní P-90. Ẹ gbọ́ ọ pẹ̀lú Bill Evans nínú àwo Undercurrent ti 1962, tàbí pẹ̀lú Sonny Rollins nínú The Bridge, ọdún kan náà. Kì í pariwo. Ohùn kọ̀ọ̀kan ní etí, ẹ lè gbọ́ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti parí. Joe Pass lo ES-175 tirẹ̀ títí ó fi di bí ẹni pé orúkọ gìtá náà àti tirẹ̀ jọ ń rìn. Herb Ellis lò ó. Pat Metheny gbé e káàkiri ayé. Gibson ṣe gìtá yìí fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún. Bí pákó lílẹ̀ bá jẹ́ ti aláìní lásán, kí ni irú àwọn wọ̀nyí ń wá nídìí rẹ̀?

Ní òdìkejì, L-5 oníná, tí wọ́n ń pè ní L-5 CES, jáde ní 1951: spruce gbígbẹ́, ínǹṣì 17, pickup tí wọ́n gé ihò sí ojú rẹ̀ fún. Tirẹ̀ kì í ṣe pọ̀ọ́, gbọ̀ọ́ìn ló ń dún. Ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, ohùn òkè rẹ̀ ní ẹran lára. Wes Montgomery, ọmọ Indianapolis, ló mú u di mímọ̀ jù, ṣùgbọ́n kí á tó gbé gbogbo ògo fún gìtá, ẹ rántí pé kò lo píìkì. Àtàǹpàkò ló fi ń ta á. Ẹran ara rọ̀ ju ike lọ. Kì í gé okùn, ńṣe ló ń tì í. Ó tún máa ń ta ohùn kan náà lẹ́ẹ̀méjì papọ̀, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, tí orin náà á wá fẹ̀ bí ẹni méjì ń kọ ọ́. Ó dá mi lójú pé bí wọ́n bá gbé ES-175 fún Wes, Wes ni a óò gbọ́. Ẹni tó ra L-5 tó wá fi píìkì líle gún un, kò ní rí ohùn tó ń wá.

Ọ̀nà kẹta wà, èyí tí mo kà sí ẹlẹ́gẹ́ jù. Àwọn kan kọ̀ láti gé ihò pickup sí ojú gìtá tí oníṣẹ́ ti fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ gbẹ́. Wọ́n so pickup kékeré mọ́ ẹ̀bá ọrùn, kó máa léfòó lókè, kó má fara kan ojú náà rárá. Johnny Smith, onígìtá jáàsì kan, ló gbé irú èyí lárugẹ. Gibson sọ ọ̀kan lórúkọ rẹ̀ ní 1961. Ohùn rẹ̀ mọ́, ó tutù, ohùn igi wà nínú rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e lọ síbi tí onílù bá ti ń fi agbára lù.

John D'Angelico wà lára àwọn tó gbẹ́ irú gìtá bẹ́ẹ̀ dára jù. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Òpópónà Kenmare, ní New York, láti 1932 títí ó fi kú ní 1964. Gìtá tó fi nọ́ńbà sí lára jẹ́ 1,164, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní gbogbo ayé rẹ̀. Irú iṣẹ́ yẹn kì í yá. Pákó spruce méjì tó bá ara wọn mu ni wọ́n máa ń lẹ̀ pọ̀ láàárín, wọ́n á fi irin ẹlẹ́nu gbòòrò gé èyí tó pọ̀ dànù, wọ́n á fi ìfági kékeré tó wọnú àtẹ́lẹwọ́ tọ́ ọ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi ku bíi mìlímítà mẹ́fà láàárín, tí nítòsí etí rẹ̀ yóò sì fẹ́lẹ́ tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Láàárín iṣẹ́, oníṣẹ́ á fi ìka méjì di pákó náà mú, á fi ìka ọwọ́ kejì kàn án, á sì gbọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí agbẹ́lù ṣe ń kan igi ọ̀mọ̀ láti mọ̀ bóyá ikùn ìlù ti tó. Ohun tí ẹ̀rọ tó ń tẹ pákó lílẹ̀ kò lè ṣe nìyí, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ dá nìkan jókòó, láìsí iná, kó gbọ́ ohùn gìtá láàyè, gìtá gbígbẹ́ ni kó wá.

Síbẹ̀, igi nìkan kọ́. Bob Benedetto, tó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí, fi pákó páìnì tí àwọn kọ́lékọ́lé ń lò, tó kún fún kókó, gbẹ́ gìtá kan, gìtá náà sì dún dáadáa. Ọwọ́ tó gbẹ́ ẹ ló ṣe pàtàkì jù.

Bí gìtá ṣe ń rí lọ́wọ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé lórí ohùn kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń pinnu ohun tí èèyàn máa ta. Gígùn okùn láti orí ọrùn dé afárá jẹ́ ínǹṣì 24.75 lára ES-175, ó jẹ́ 25.5 lára L-5 CES. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínǹṣì péré ni ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìka mọ̀ ọ́n. Èyí tó gùn, okùn rẹ̀ le koránkorán, ìka ní láti ya ara wọn sí i. Ohùn rẹ̀ sì dúró ṣinṣin. Èyí tó kúrú rọ̀ lábẹ́ ìka, ó dára fún kọ́ọ̀dù tó ń fẹ́ kí ọwọ́ nà.

Okùn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Jùjú àti rọ́ọ̀kì ń lo okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wáyà roboto wé mọ́. Onígìtá jáàsì a máa lo èyí tó nípọn, okùn àkọ́kọ́ á tó ìdá 12 nínú ẹgbẹ̀rún ínǹṣì kan, wáyà pẹlẹbẹ ni wọ́n sì fi wé àwọn tó nípọn, títí kan okùn kẹta. Tí ìka bá ń sún lórí rẹ̀, kì í ké fìì. Ó ń dán, ó sì máa ń pẹ́ kó tó bàjẹ́. Nítorí pé ó nípọn, fífà á sí ẹ̀gbẹ́ bí àwọn oní-blues ṣe ń ṣe kì í rọrùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn onígìtá jáàsì fi máa ń yọ́ láti ohùn kan bọ́ sí òmíràn dípò kí wọ́n fà á. Kí ẹni tó ń ráhùn pé gìtá òun kò dún bíi ti jáàsì kọ́kọ́ pààrọ̀ okùn, kó tó pààrọ̀ gìtá.

Àwọn mìíràn ti wá ọ̀nà àárín lórí ọ̀rọ̀ híhu. Ibanez ti Japan bá George Benson ṣe GB10 ní 1977, ínǹṣì 14 àti ààbọ̀, kó lè ta lórí ìtàgé ńlá láìhu. ES-335 tí Gibson gbé jáde ní 1958 tiẹ̀ fi odidi igi dí àárín ikùn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nìkan ló ṣófo. Gìtá dáadáa ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tòní.

Ilé ni mo ti fẹ́ parí rẹ̀. Igi dúdú tí wọ́n fi ń ṣe ojú ọrùn àti afárá ọ̀pọ̀ nínú gìtá wọ̀nyí, láti igbó Áfíríkà ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá, Cameroon ni pàápàá. Afẹ́fẹ́ wa níbí kò sì fi ojúure wo spruce gbígbẹ́. Ní ìgbà òjò, igi a mu omi, á wú, okùn á ga sókè. Bí ọyẹ́ bá dé, omi á gbẹ kúrò lára rẹ̀, ó sì lè là láti ìdí dé ihò f. Pákó lílẹ̀ kì í tètè là, nítorí pé okùn inú igi ìpele kan dábùú ti ìkejì. Ẹni tó bá ní gìtá gbígbẹ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, kó máa gbé e sínú àpótí tó dé dáadáa, kó sì máa fi ohun tó ń tú omi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú rẹ̀ láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí owó yín bá tó gìtá kan ṣoṣo, tí onílù àti oní-bass yóò sì wà lẹ́yìn yín ní gbogbo alẹ́, ẹ ra ti pákó lílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ohun tó bá ṣẹ́kù ra okùn tó dára, kẹ́ ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tò bá yín tún ọrùn rẹ̀ ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má fi ojú ẹ̀gàn wò yín nítorí rẹ̀.